Elétí, Irin Tí Olúyọmí Fi Sílẹ̀

Olúyọmí, má bínú sí wa. Ọdún márùn-ún rèé tí o ti fi wá sílẹ̀, kò sì tíì sí ọdún kan tí àárọ̀ ọjọ́ yìí mọ́ tí a ò wá síbi sàréè rẹ pẹ̀lú òdòdó àti orin. Tòní yàtọ̀. Aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ lọ̀ sílẹ̀ ṣì wà lórí àga ní pálọ̀, a sì ti ránṣẹ́ sí àlùfáà pé kó má dúró dè wá. Orí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn la wà láàárọ̀ yìí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ tí ìwọ fúnra rẹ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mọ́ṣádé ló wà nínú yàrá náà. Mọ́ṣádé tìrẹ o! Ọmọ tó máa ń sùn lé ọ láyà!

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ, nítorí ohun tó dùn ṣì wà níbẹ̀. Ilé Mọ́lípa tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ti parí. Edith ìyàwó rẹ ló parí ẹ̀, Edith tí gbogbo wa rò pé á tà á! Ó kan òrùlé, ó fi gíláàsì sí fèrèsé, ó sì gbin igi máńgòrò síbi tí o ní kí wọ́n kọ́ gáréèjì sí. Bí ìyẹn bá dùn ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ yanjú ẹ̀ lọ́jọ́ àjíǹde, a ò sí ńbẹ̀. Walter ọmọ rẹ ti di agùnbánirọ̀, Sókótó ni wọ́n gbé e lọ, ó ní ooru ibẹ̀ fẹ́ bó òun láwọ. Adébùsọ́lá, ọmọbìnrin tó máa ń tẹ̀ lé ọ káàkiri wọ́ọ̀dù tí o máa ń bú nítorí pé kò lè dákẹ́ ìbéèrè, ti di dókítà eegun gidi. Orí àga rẹ ló jókòó sí. Mọ́ṣádé náà jáde ìwé mẹ́wàá, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìjagun sì gbà á.

Ìjagun yẹn náà ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí alùpùpù, ewúrẹ́ kan já sọ́nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kóun yà fún un, àwọn méjèèjì lọ balẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde. Mọ́ṣádé ò lè dìde. Edith ń rin ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí wọ́n wá pè é. Ewùrà yẹn wà nínú abọ́ títí dọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó rántí dà á nù.

Eegun itan ló dá, Olúyọmí. Ó dá lókè orúnkún gan-an, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eegun. Dókítà Adébùsọ́lá ní àfi kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dè é, kí wọ́n lu ihò sí eegun, kí wọ́n sì fi ìṣó mú irin náà dúró. Irin ìlu tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló kù nílé ìwòsàn báyìí, èyí tí dókítà á fi gbogbo ara tì. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá ti já eegun lódìkejì, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró, inú ẹran ló ń wọ̀ lọ. Bó bá kan iṣan yẹn, ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn, bóyá ẹ̀mí pàápàá. Àwọn aládùúgbò ní ká gbé e lọ Èkó. Adébùsọ́lá ní ṣóńṣó eegun tó dá ti kọjú sí iṣan náà, bí ọkọ̀ bá wá ń bọ́ sí kòtò kan bọ́ sí òmíràn títí dé Èkó, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí a máa gbé débẹ̀.

Ìwọ náà mọ ibi tí eegun yẹn ti dá dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Simeon, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ yẹn, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O délé lọ́jọ́ náà, o ò jẹun, o ò wẹ̀, o kàn jókòó sínú kíṣìnì. Lọ́jọ́ kejì ni Edith wá rédíò rẹ̀ tì. O ti tú u palẹ̀!

Bí Elétí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Họ́wù, ta ni yóò gbàgbé Elétí nínú ilé yìí? Irin ìlu tó ń fi bátìrì yí, tí o de gbohùngbohùn rédíò ìyàwó rẹ mọ́ nídìí. O fi sípíríǹgì kan sínú rẹ̀, àti wáyà tín-ín-rín tó ń mọ bí eegun ṣe ń tako irin tó. Bí irin bá wà nínú eegun líle, Elétí á máa han gooro. Bí eegun bá ti fẹ́ tán níwájú rẹ̀, á dákẹ́ wẹ́lo, irin náà á sì dúró fúnra rẹ̀ kó tó kan ẹran. O ní irin yòókù adití ni, pé èyí nìkan ló létí. Eegun ẹsẹ̀ màlúù ni o fi ń kọ́ ọ nínú kíṣìnì, Mọ́ṣádé á di eegun mú, ìwọ á lu ú, ohùn á gba gbogbo ilé kan, a ó sì máa retí ìgbà tí yóò dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ìwọ àti ọmọ rẹ á pariwo ayọ̀. Edith á wá kó eegun náà sínú ọbẹ̀. Àlejò kan jẹun nílé yín lọ́jọ́ kan, ó gbé eegun sókè, ó rí ihò lára rẹ̀ yíká, ó bi ìyàwó rẹ bóyá màlúù náà ṣàìsàn ni!

O fi Elétí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì tún sí ẹsẹ̀ tó bọ́. Lẹ́yìn náà lo ní ó rẹ̀ ọ́ díẹ̀, pé o fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. O ò dìde mọ́. Áà, Olúyọmí!

O mọ ilé wa. Ilé alágbẹ̀dẹ ni ilé Ògúnbọ̀wálé, bí o tilẹ̀ lọ ṣèrìbọmi tí o sì lọ kàwé. Bí ẹni tó ń fi irin jẹun bá kú nínú wa, irin rẹ̀ ń lọ sójúbọ Ògún ní Ayépé, yóò sì máa jẹ epo lọ́dọọdún kí ìpẹtà má baà mú un. Bàbá Fátúnmbí ẹ̀gbọ́n rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ayépé, ló wá kó wọn. Ayùn rẹ, òòlù rẹ, Elétí, gbogbo ẹ̀. Edith jẹ́ ọmọ kátíkíìsì, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ó fún wọn. Ó ní òkú òun nìkan kọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, Ayépé ni ìyàwó rẹ gbà lọ. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń gbàdúrà pé kí wọ́n má ti gbé Elétí fún ẹlòmíràn, kó má ti sọnù, kó má ti dípẹtà. Bàbá Ayépé ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti gbọ́ orúkọ Mọ́ṣádé ni wọ́n ti wọ ojúbọ, wọ́n gbé àpótí jáde, wọ́n ṣí i, ojú wọn ń dán.

“Ìyàwó wa, wò ó. Kò dípẹtà. Mi ò jẹ́ kí ebi pa á lọ́dún kankan.”

Lóòótọ́ ni, irin ń kọ mànà! Ṣùgbọ́n Edith yí Elétí padà, ó wo ìdí rẹ̀. Epo pupa ti dì mọ́ gbohùngbohùn, ó dì mọ́ ihò tí wáyà gbà wọlé, ó ti nípọn, ó ti le. Gbogbo ọdún tí Bàbá Ayépé ti ń bọ́ irin àbúrò wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń da epo sí jù, torí wọ́n rò pé ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ, tí kì í gbé ohùn sókè lágbo ilé wa, Edith tí yóò kúnlẹ̀ kó tó kí ọmọdé ilé, ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ lójú gbogbo ayé.

“Bàbá, kí lẹ fún un jẹ? Ẹ ti pa á! Ẹ ti pa ọmọ mi!”

Bàbá Ayépé wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, “Mo ń tọ́jú ẹ̀ ni. Mo ń tọ́jú àbúrò mi ni.” Nígbà tí Edith wọnú ọkọ̀, wọ́n wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, láìwọ bàtà. Ó di ilé ìwòsàn, a bá wọn wá àga, wọ́n kọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. A bá wọn wá oúnjẹ, wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Olúyọmí, ó ṣe wá láàánú, àmọ́ ta ló ráyè ṣàánú? Ẹsẹ̀ Mọ́ṣádé ń wú sí i, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń tutù.

Adébùsọ́lá tú Elétí palẹ̀ sórí tábìlì. Òwú àti sípírítì ló fi ń nù ún, Edith ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Epo náà ń jáde ní wóró wóró. Wọ́n tò ó padà, wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, wọ́n gbé eegun màlúù síwájú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Kò tilẹ̀ kùn! Wọ́n tún tú u, wọ́n tún nù ún, wọ́n sá a sójú fèrèsé kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó han. Ohùn rẹ̀ ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Edith bú sẹ́kún, ó ní, “Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!” Kò tíì pa ẹnu dé tí irin náà fi já eegun kọjá, tó ń han lọ, tó wọ inú tábìlì lọ. Kò dákẹ́, kò sì dúró.

Ihò yẹn ṣì wà lára tábìlì náà. Ìyàwó rẹ fi ìka bọ̀ ọ́, ó wọ̀n ọ́n. Itan ọmọ rẹ̀ ló ń rò.

Wọ́n rí epo tó kù lábẹ́ sípíríǹgì, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n tún dán an wò, ó dákẹ́ níbi tó yẹ. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Edith béèrè bóyá ó ti tó láti fọkàn sí. Adébùsọ́lá ní inú rẹ̀ tí epo dé kò dípẹtà rárá, ibi tí epo ò dé ló ń kọ òun lóminú. Ó wá sọ pé, “Mọ́mì, màá lò ó, ṣùgbọ́n mi ò ní fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e. Ihò tó sún mọ́ orúnkún jù ni màá fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ bá mi gbàdúrà.”

Bá a ṣe dé àárọ̀ yìí nìyẹn, ní ọjọ́ rẹ gan-an. Àwa kọ́ la mú ọjọ́, ẹsẹ̀ tó ń tutù ló mú un.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìbàdí dé ìsàlẹ̀ kú ni wọ́n fún Mọ́ṣádé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Bí wọ́n ṣe ń tì í wọlé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

“Mọ́mì, ṣé Elétí á gbọ́?”

“Á gbọ́,” ni Edith wí. Ó sọ ọ́ wọ̀ọ̀, bíi pé ó dá a lójú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn tán, ó wá fi orí ti ògiri.

A jókòó. A ò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó tún wọlé, kò wo ojú wa. Edith ka sáàmù dé ìdajì, ó gbàgbé ìyókù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ayépé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi etí ti pákó. Ṣé epo kò tún kù síbì kan? Ṣé bátìrì yẹn dára? Ṣé ọwọ́ Adébùsọ́lá ò ní gbọ̀n? Olúyọmí, ṣé ibi tí o wà, o rí wa?

Ó han!

Gooro, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn! Gbogbo wa dìde. Ohùn kíṣìnì wa, ohùn ọdún náà lọ́hùn-ún, ó tún dún nínú ilé ìwòsàn! Bàbá Ayépé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Wọn ò tíì gbọ́ ọ rí láyé wọn, irin tí wọ́n ti ń bọ́ láti ọdún márùn-ún wá. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dákẹ́ wẹ́lo.

“Yéè!” Bàbá Ayépé ká ọwọ́ lérí. “Ó ti kú! Mo ti pa á! Mo ti pa ọmọ àbúrò mi!”

Edith sáré lọ bá wọn, ó di èjìká wọn mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Rárá o, Bàbá, rárá! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Eegun ló tán níwájú ẹ̀ tó fi dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, ó dáa nìyẹn.” Ibẹ̀ náà ló ti kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ forí jì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lÁyépé. Dókítà ní epo yín ni kò jẹ́ kí inú ẹ̀ dípẹtà.”

Wọ́n wo ojú rẹ̀. “Ṣé lóòótọ́ ni?”

“Lóòótọ́ ni, Bàbá.”

“Dìde, ìyàwó wa. Dìde, jẹ́ ká gbọ́.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, wọ́n gbà kí a fi àwọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Elétí tún han, ó tún dákẹ́. Ó tún han, ó tún dákẹ́. Nígbàkigbà tó bá han, àyà wa á já, bó bá dákẹ́, a ó mí. Lẹ́yìn náà ni inú yàrá wá pa rọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, Edith sì mọ̀ pé ihò tó sún mọ́ orúnkún ló kù.

Ó han. Ó ń han. Ó ń han lọ. Edith ń retí kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ti kọjá! Ihò ara tábìlì ló rí níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń wọnú rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, dákẹ́, jọ̀ọ́, dákẹ́, dákẹ́. Bàbá Ayépé gbọ́ ọ. Àwọn ní tiwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan lábẹ́ ẹnu. Wọ́n dìde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn.

“Dákẹ́! Olúyọmí, dákẹ́! Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo ní kó o dákẹ́!”

Ó dákẹ́.

Olúyọmí, ọdún márùn-ún la ti ń bẹ̀ ọ́ pé kó o sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ lójú àlá. Àárọ̀ yìí la kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́ pé kó o dákẹ́, o sì gbọ́.

A ò mọ̀ bóyá Elétí ló dúró tàbí ó bàjẹ́ mọ́ Adébùsọ́lá lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jáde wá sọ. Ìyàwó rẹ ò tún lè jókòó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń tú gèlè, ó ń wé e. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Adébùsọ́lá ni, ó ti fa aṣọ imú rẹ̀ wálẹ̀, òógùn bò ó. Ó mú Edith lọ́wọ́ wọlé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ Mọ́ṣádé. Ẹsẹ̀ náà gbóná! Ọmọ ìka rẹ̀ gbóná lọ́kọ̀ọ̀kan! Adébùsọ́lá ní eegun ibẹ̀ ló nípọn ju bóun ṣe rò lọ, pé òun ti ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Elétí ṣáájú òun dákẹ́.

Mọ́ṣádé ń tòògbé. Ó ṣí ojú, ó rí ìyá rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, mo gbọ́ Dádì nínú kíṣìnì.” Ó sì padà sùn. Edith dúró síbẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

A ṣì ń bọ̀ wá sí sàréè rẹ o. Aṣọ funfun wà níbẹ̀, àlùfáà á gbà wá láàyè, Bàbá Ayépé náà sì ti ní àwọn máa wá, àwọn tí kì í ya ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́. Elétí ò padà sójúbọ mọ́, ọwọ́ Adébùsọ́lá ló wà. Bàbá ní epo ọdún tó ń bọ̀, orí òòlù rẹ làwọn máa dà á sí.

Olúyọmí, ilé Mọ́lípa tóbi jù láìsí ìwọ. Edith ṣì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi tìrẹ sílẹ̀. Kò sí rédíò tuntun tó wọlé tí kò kọ́kọ́ rántí ẹni tó máa tú u. A ò gbàgbé rẹ. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí tí ẹ̀rù bà wá jù, a ó sì fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ tí Mọ́ṣádé bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn wá kí ọ.

Edith ìyàwó rẹ, Walter, Mọ́ṣádé, Bàbá Fátúnmbí ẹ̀gbọ́n rẹ, àti gbogbo ilé Ògúnbọ̀wálé, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ayépé.